Ìdílé Kánárì Nínú Ilé Èkó

Ọ̀rọ̀ ẹyẹ ni mo mú wá lónìí. Kì í ṣe ẹyẹ tí à ń pa jẹ, kì í sì í ṣe ẹyẹlé tí àwọn bàbá wa ń sìn lẹ́yìnkùlé. Kánárì ni, ẹyẹ kékeré aláwọ̀ yẹ́lò tó ń kọrin nínú kéèjì, tí ẹ ti rí lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ẹyẹ lẹ́bàá títì.

Ìdí tí mo fi fẹ́ ká jọ sọ ọ́ ni pé ọ̀pọ̀ ló ń ra kánárì, takọtabo, tí wọ́n ń retí ọmọ lọ́dọ̀ wọn, tí ẹyẹ ọ̀hún á sì kú mọ́ wọn lọ́wọ́ kó tó pẹ́. Wọn a ní oúnjẹ ni. Wọn a ní ẹni tó tà á fún àwọn ló lu àwọn ní jìbìtì. Èmi ò sọ pé oúnjẹ kò lọ́wọ́ nínú ẹ̀, a óò sì dé orí ìyẹn. Ṣùgbọ́n ohun méjì ló léwu jù fún kánárì láàárín ìgboro Èkó: ẹ̀fọn àti èéfín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un gbọ́: ẹ̀fọn àti èéfín. Àwọn méjèèjì yìí kan náà ló ń pa àwa àti àwọn ọmọ wa. Ẹni tó bá fẹ́ kí ìdílé kánárì yè nínú ilé òun, àfi kó kọ́kọ́ tún ilé ọ̀hún ṣe fún èèyàn.

Níbo ni ẹyẹ yìí ti wá ná? Láti erékùṣù Canary ni, nínú òkun Àtìláńtíìkì, lápá ìwọ̀ oòrùn ilẹ̀ Mòrókò, àti láti Madeira àti Azores. Ọgọ́rùn-ún ọdún kẹẹ̀ẹ́dógún ni àwọn ará Sípéènì gba erékùṣù Canary, láti ìgbà náà ni wọ́n sì ti ń kó ẹyẹ yìí lọ sí Yúróòpù. Nígbà tó yá, àwọn awakùsà tó ń gbé lórí òkè Harz ní ilẹ̀ Jámánì sọ sísìn rẹ̀ di òwò inú ilé: bàbá á ti kòtò dé, ìyá àti àwọn ọmọ á ti bọ́ ẹyẹ. Ẹyẹ tó wá láti inú igbó nígbà náà kì í ṣe yẹ́lò bí a ti mọ̀ ọ́n yìí. Àwọ̀ ewé tó lú mọ́ ti eérú ló ní. Èèyàn ló ń ṣa èyí tó mọ́ jù nínú ọmọ rẹ̀, ìran dé ìran, títí tó fi di ohun tí à ń rí lónìí.

Àwa náà ní mọ̀lẹ́bí rẹ̀ nílé. Crithagra mozambica ni àwọn onímọ̀ ẹyẹ ń pè é. Ó wà káàkiri ilẹ̀ Áfíríkà nísàlẹ̀ aṣálẹ̀ Sàhárà, títí kan Nàìjíríà wa níbí. Kò gùn ju sẹ̀ǹtímítà 13 lọ, kò sì wúwo ju gíráàmù 16. Iwájú orí àti àyà rẹ̀ yẹ́lò, ilà dúdú kan gba ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀ sọ̀kalẹ̀, hóró koríko ló sì fẹ́ràn jù. Ó mọ orin í kọ, ìyẹn ló sì kó o sí wàhálà. Àtẹ àti àwọ̀n ni wọ́n fi ń mú irú rẹ̀ nínú igbó, wọn a kó wọn jọ gbáà sínú kéèjì kan. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi kó irú wọn láti Sẹ̀nẹ̀gà àti àwọn ilẹ̀ mìíràn ní ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà lọ sí Yúróòpù, kí àjọ ìṣọ̀kan Yúróòpù tó dá ọjà ẹyẹ igbó dúró fún ìgbà díẹ̀ lọ́dún 2005 nítorí àrùn ẹyẹ tí òyìnbó ń pè ní bird flu, tí wọ́n sì wá tì í pa pátápátá lọ́dún 2007.

Mo ń bẹ̀ yín, ẹ má ra ẹyẹ tí wọ́n fi àtẹ mú. Ẹyẹ tó ti mọ pápá kì í gbà pé inú kéèjì nilé òun; á máa fi orí gbá irin, á kọ oúnjẹ, ọ̀pọ̀ wọn kì í sì í pẹ́ láyé. Ẹ wo ohun tí ojú odídẹrẹ́ rí. Ẹyẹ tí àwọn bàbá wa mọ̀ dáadáa nínú igbó ilẹ̀ wa ti ṣọ̀wọ́n débi pé àwọn orílẹ̀-èdè tó pàdé ní Johannesburg lọ́dún 2016 fòfin de òwò àárín orílẹ̀-èdè lórí èyí tí wọ́n bá mú nínú igbó. Kánárì tí wọ́n bí sínú ilé ni kí ẹ wá, ọmọ ẹyẹ ilé, tí bàbá rẹ̀ àti ìyá rẹ̀ náà jẹ́ ẹyẹ ilé.

Báwo lẹ óò ṣe mọ̀ ọ́n? Ẹ wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Àwọn tó ń bí kánárì dáadáa máa ń fi òrùka kékeré kan sí ẹsẹ̀ ọmọ ẹyẹ nígbà tó bá wà láàárín ọjọ́ márùn-ún sí méje, wọn a kọ ọdún sí i lára. Òrùka náà kò ní ojú ìdè, ẹsẹ̀ ẹyẹ tó ti dàgbà kò sì lè wọ inú rẹ̀ mọ́. Ẹyẹ tó bá ní irú òrùka bẹ́ẹ̀, ọwọ́ èèyàn ló dàgbà sí. Akọ ló ń kọrin gidi. Abo kì í sábà ju kó máa pe ẹnìkejì rẹ̀ lọ. Torí náà, ẹ dúró kí ẹ gbọ́ ọ kó tó di pé ẹ sanwó. Ẹ sì bèèrè bóyá akọ àti abo náà kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà. Bí ẹ bá rí èyí tó ní òṣùṣù ìyẹ́ lórí, ẹ má fi òun àti olóṣùṣù ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe takọtabo, nítorí apá kan nínú ọmọ wọn kò ní lè yè.

Kéèjì ló kàn. Iwájú ni kánárì ń fò sí, kì í fò gba òkè lọ tààrà, nítorí náà kéèjì tó gùn ló wúlò fún un ju èyí tó ga lọ. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta ní gígùn kò pọ̀ jù fún takọtabo kan. Wẹ́dà àdúgbò lè ṣe é fún yín, ṣùgbọ́n ẹ kìlọ̀ fún un pé kó má lo wáyà tí wọ́n fi síńkì bò, kó má sì kun ún ní ọ̀dà tó ní òjé nínú, torí pé gbogbo ọjọ́ ni ẹyẹ ń fi àgógó họ irin, májèlé á sì máa wọ inú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀ka igi gúáfà tí ẹ fọ̀ tí ẹ sá gbẹ ni kó máa bà lé, èyí tó tínrín níbì kan tó sì nípọn níbòmíràn, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má bàa le. Ẹ gbé kéèjì náà kọ́ síbi tí ológbò àti eku kò ti ní dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, tí oòrùn òwúrọ̀ ń kàn, tí oòrùn ọ̀sán kò ti ní bẹ́ ẹ lórí.

Mo mẹ́nu ba ẹ̀fọn níbẹ̀rẹ̀. Ibà ẹyẹ wà gẹ́gẹ́ bí ibà èèyàn ṣe wà. Kòkòrò tó ń fà á yàtọ̀ sí tiwa, kò sì lè ran èèyàn, ṣùgbọ́n ẹ̀fọn ló ń gbé e kiri, pàápàá irú èyí tó ń yé sínú omi gọ́tà. Kánárì sì wà lára àwọn ẹyẹ tí ibà yìí máa ń tètè ṣe lọ́ṣẹ́. Ẹ̀fọn náà ló tún ń gbé olóde ẹyẹ, tí eéwo á yọ yí ojú àti ẹnu ẹyẹ ká, tí á tún yọ sí i lẹ́sẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ nǹkan kan fún yín tó wọ̀ mí lọ́kàn gan-an nípa ibà ẹyẹ. Ara ẹyẹ ni ayé ti kọ́kọ́ rí i gbangba pé ẹ̀fọn ló ń gbé ibà láti ara ẹ̀dá kan dé ara òmíràn. Dókítà ológun kan tó ń jẹ́ Ronald Ross, tó ń ṣiṣẹ́ ní Calcutta ní ilẹ̀ Íńdíà, ló fi ẹyẹ ṣàwárí rẹ̀ lọ́dún 1898, wọ́n sì fún un ní ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 1902.

Lẹ́yìn ìgbà náà, kánárì fúnra rẹ̀ wọ iṣẹ́. Nílé iṣẹ́ Bayer tó wà ní Elberfeld ní Jámánì, Wilhelm Roehl ń fi kánárì tí ibà ń ṣe dán oògùn wò, ibẹ̀ ni oògùn plasmochin sì ti jáde láàárín ọdún 1920 sí 1930. Lọ́dún 1934, Hans Andersag ní ilé iṣẹ́ kan náà ṣe oògùn tí gbogbo wa wá mọ̀ sí chloroquine, ara ẹyẹ ni wọ́n sì ti dán òun náà wò. Ta ni nínú àwa tó dàgbà ní Nàìjíríà tí kò gbé chloroquine mì rí? Ó ń yún èèyàn lára bí nǹkan míì, ó korò bí ewúro, ṣùgbọ́n ó gba ọmọ là fún ọ̀pọ̀ ìyá, kó tó di pé ibà mọ̀ ọ́n lára, tí ìjọba wa sì fi oògùn mìíràn rọ́pò rẹ̀ lọ́dún 2005. Iṣẹ́ lórí ibà kò sì tíì parí. Ní Yábà níbí, àwọn onímọ̀ ní Nigerian Institute of Medical Research ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. A jẹ àwọn ẹyẹ kékeré yìí ní gbèsè. Ohun tó kéré jù tí a lè san ni pé bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, kí a fi àwọ̀n apẹ̀fọn bo kéèjì wọn yíká títí ilẹ̀ á fi mọ́. Àwọ̀n ni mo wí o, kì í ṣe kọ́ìlì, kì í ṣe flit. Èéfín kọ́ìlì kò yẹ ẹyẹ rárá. Ẹ kó pàǹtí inú gọ́tà iwájú ilé yín kí omi rìn. Ẹ dé ìdérí kẹ̀ẹ̀gì àti tánkì omi. Ẹ̀fọn tí kò bá ráyè yé síbẹ̀ kò ní rí ẹyẹ jẹ, kò sì ní rí ọmọ yín jẹ.

Oúnjẹ wá ńkọ́? Hóró tí wọ́n ń kó wọlé fún kánárì láti òkè òkun wọ́n gan-an. Ẹ má fi ìyẹn dá ara yín lágara. Jéró wà lọ́jà wa, acha tó ń ti apá Jọ́ọ̀sì wá wà, yánmọtí náà wà, díẹ̀díẹ̀ ni kí ẹ fi yánmọtí sí i nítorí epo inú rẹ̀. Bí ẹ bá dé Oyíngbò, tí ẹ bi ìyá tó ń tà á pé, “Ẹ kú ọjà o, Mà. Ṣé jéró tuntun ni?” tó sì dáhùn pé, “Tuntun ni, ọmọ mi, bu ọwọ́ bọ̀ ọ́ wò,” ẹ bu ọwọ́ bọ̀ ọ́ lóòótọ́. Ẹ gbé e sún mọ́ imú. Bí ó bá ń rùn bí ilẹ̀ ọ̀rinrin, ó ti bu. Bí òórùn oògùn kòkòrò bá wà lára rẹ̀, ẹ dá a padà pẹ̀lẹ́. Àwọn kan ṣì ń fi ọ̀tapíàpíà àti dichlorvos lé kòkòrò kúrò lára ọkà àti ẹ̀wà, bí NAFDAC, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn, ṣe ń kìlọ̀ tó, débi pé wọ́n fòfin de ìgò kéékèèké oògùn náà lọ́dún 2019. Èyí tó lè pa kòkòrò ọkà kò ní ṣàánú ẹyẹ kékeré bẹ́ẹ̀. Ẹ fọ jéró náà, ẹ sá a gbẹ kó tó dé ọ̀dọ̀ wọn.

Ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ dára fún wọn, ẹ fọ̀ ọ́ dáadáa. Kùkúmbà dára, kárọ́ọ̀tì tí ẹ rin dára. Èèpo ẹyin adìẹ tí ẹ sè tí ẹ sì gún kúnná yóò fún abo ní ohun tó máa fi kọ́ èèpo ẹyin tirẹ̀. Ṣùgbọ́n píà, bó ti wù kó pọ̀ tó lásìkò òjò, ẹ má fún kánárì jẹ láéláé. Ó ń pa wọ́n. Bẹ́ẹ̀ ni iyọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ṣokolétì. Omi mímu àti omi ìwẹ̀, ojoojúmọ́ ni kí ẹ pààrọ̀ wọn, torí kánárì fẹ́ràn ìwẹ̀ púpọ̀.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ọmọ. Ohun kan wà tó máa ń dá àwọn tó ń sìn ín níbí láàmú. Ní ilẹ̀ òyìnbó, gígùn ojúmọ́ ló ń sọ fún kánárì pé àkókò tó láti kọ́ ìtẹ́. Ní Lọ́ńdọ̀nù, ojúmọ́ oṣù Òkúdù lé ní wákàtí mẹ́rìndínlógún, ti oṣù Ọ̀pẹ kò sì pé mẹ́jọ. Ara ẹyẹ á mọ ìyàtọ̀ náà. L’Ékòó níbí, láti ọdún dé ọdún, ìyàtọ̀ tó wà láàárín ojúmọ́ tó gùn jù àti èyí tó kúrú jù kò tó wákàtí kan. Kí ni ẹyẹ fẹ́ fi mọ àkókò? Oúnjẹ àti ètò ni. Ẹ jẹ́ kí àkókò tí ẹ ń bo kéèjì lálẹ́ àti àkókò tí ẹ ń ṣí i láàárọ̀ dúró sójú kan. Ẹ má jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ tẹlifíṣọ̀n tàn sí wọn lójú títí di ọ̀gànjọ́ lónìí nítorí iná wà, kí òkùnkùn sì bò wọ́n ní aago méje lọ́la nítorí wọ́n mú iná lọ. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ kí wọ́n yé, ẹ fi ẹyin sísè àti ẹ̀fọ́ kún oúnjẹ wọn fún bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Bí akọ bá ti ń kọrin kíkankíkan, tí abo ń já bébà kiri kéèjì, tó ń fi ẹnu fa okùn àwọ̀n, ó ti tó àkókò.

Ahá kékeré kan ni ìtẹ́ tó dára jù lójú tèmi, ahá tí a fi ń mu ẹmu láyé àtijọ́, tí ojú rẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá. Ẹ so ó mọ́ kọ̀rọ̀ kéèjì kó le dáadáa. Ẹ fi koríko gbígbẹ àti háhá àgbọn tí ẹ ti fà wẹ́wẹ́ síbi tí abo ti máa rí i; ẹ má fi òwú ìránṣọ sí i, ó máa ń lọ́ mọ́ ọmọ ẹyẹ lẹ́sẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fún un láyè. Fúnra rẹ̀ ni yóò máa gbé háhá náà lọ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Á dúró sínú ahá, á tẹ àyà mọ́ ọn, á yí po, á tún yí po, títí inú ìtẹ́ á fi rí roboto bí àyà rẹ̀ ṣe rí.

Ẹyin kan lójúmọ́ ló ń yé, ní òwúrọ̀ kùtù, mẹ́ta sí mẹ́fà lápapọ̀. Àwọ̀ rẹ̀ dà bí ti sánmà tó mọ́, àmì pupa rẹ́súrẹ́sú fọ́n sí i lára. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í sàba láti orí ẹyin àkọ́kọ́, àkọ́bí á pa ṣáájú, á ti lágbára kí àbíkẹ́yìn tó jáde, ẹnu àbíkẹ́yìn kò sì ní tó oúnjẹ. Ohun tí àwọn tó mọṣẹ́ máa ń ṣe ni pé wọn a fi ṣíbí oníke bu ẹyin kọ̀ọ̀kan kúrò bó bá ṣe ń yé e, wọn a fi ayédèrú ẹyin rọ́pò rẹ̀, wọn a tọ́jú ojúlówó sórí òwú níbi tó tutù díẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kẹrin, wọn a dá gbogbo rẹ̀ padà lẹ́ẹ̀kan náà. Láti ọjọ́ yẹn, ọjọ́ mẹ́tàlá sí mẹ́rìnlá ni yóò fi sàba. Akọ ni yóò máa bọ́ ọ lẹ́nu nínú ìtẹ́. Mo fẹ́ràn kí àwọn ọmọdé wa rí èyí, pàápàá àwọn ọmọkùnrin: bàbá tó ń pọ oúnjẹ láti ọ̀fun ara rẹ̀ fún ìyá tó jókòó ti ọmọ.

Ọmọ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ pa kò ríran, kò sì níyẹ̀ẹ́ lára àfi irun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ díẹ̀. Ọrùn rẹ̀ kò lágbára tó orí rẹ̀, síbẹ̀ bí ìtẹ́ bá mì díẹ̀ báyìí, gbogbo wọn á nàrùn sókè, á lanu gbàgà. Ẹyin adìẹ tí ẹ sè kó le, tí ẹ fọ́ mọ́ búrẹ́dì gbígbẹ, ni kó wà lọ́dọ̀ ìyá wọn láti àárọ̀ kùtùkùtù. Ooru ilẹ̀ wa kì í jẹ́ kó pẹ́ kó tó kan. Bí ó bá ti tó wákàtí mẹ́ta, ẹ kó èyí tó kù dànù, ẹ po òmíràn. Ọ̀pọ̀ ọmọ kánárì l’Ékòó ni ẹyin tó ti kan pa. Ní bí ọjọ́ kejìdínlógún, wọ́n á jáde kúrò nínú ìtẹ́. Ìyá lè ti fẹ́ tún yé nígbà náà, bàbá ni yóò máa bọ́ wọn lọ títí wọ́n á fi pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí márùn-ún, tí wọ́n á lè dá jẹun. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ti tó fún abo kan. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ti pọ̀ jù, ohunkóhun yòówù kí ẹni tó fẹ́ tà wọ́n wí.

Ẹ má tètè gbé àwọn akọ inú ọmọ wọn kúrò níbi tí wọ́n ti lè gbọ́ ohùn bàbá wọn. Orin kánárì kì í ṣe ohun tí a bí mọ́ ọn tán; ẹ̀kọ́ ni. Ọmọ á kọ́kọ́ máa ráhùn wúyẹ́wúyẹ́, á máa gbìyànjú, oṣù mélòó kan á kọjá kí orin rẹ̀ tó dúró. Kánárì tó ti dàgbà pàápàá ṣì ń kọ́ orin tuntun lọ́dọọdún. Fernando Nottebohm àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì Rockefeller ní New York yẹ ọpọlọ kánárì wò nítorí èyí, wọ́n sì fi hàn lọ́dún 1983 pé ọpọlọ ẹyẹ tó ti dàgbà ń bí sẹ́ẹ̀lì tuntun. Kò rọrùn fún àwọn onímọ̀ láti gbà nígbà náà, torí ohun tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé fún ọ̀pọ̀ ọdún ni pé ọpọlọ tó bá ti gbó kì í bí òmíràn mọ́. Nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀kọ́ ni orin wọn, bí ẹ bá ní gbohùngbohùn tó ń dún ganran-ganran nínú pálọ̀, ẹ gbé kéèjì lọ sí yàrá mìíràn. Ọmọ tí kò gbọ́ bàbá rẹ̀ kò ní rí nǹkan kọ́.

Mo fẹ́ dé orí èéfín báyìí, òun ló jẹ mí lógún jù. Ẹyẹ kì í mí bíi tiwa. Àwọn àpò afẹ́fẹ́ wà káàkiri inú ara rẹ̀ tó jẹ́ pé bó ṣe ń mí sínú àti bó ṣe ń mí síta, afẹ́fẹ́ tuntun ló ń gba inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ kọjá. Ìyẹn ló ń fún un lágbára láti fò. Ṣùgbọ́n bí májèlé bá wà nínú afẹ́fẹ́, ìlọ́po ni yóò bá ẹyẹ. John Scott Haldane ní ilẹ̀ Bírítéènì mọ èyí, ó sì dábàá ní ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún pé kí àwọn awakùsà èédú máa gbé ẹyẹ kékeré wọ inú kòtò. Gáàsì carbon monoxide kò ní àwọ̀, kò ní òórùn. Awakùsà kò ní mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kánárì á ṣubú kúrò lórí igi, wọ́n á sì sá jáde. Àwọn kan nínú kéèjì wọn ní ìgò oxygen kékeré lórí, kí wọ́n lè fi jí ẹyẹ tó dákú. Ọdún 1986 ni wọ́n tó fi ẹ̀rọ rọ́pò àwọn kánárì wọ̀nyẹn ní Bírítéènì.

Gáàsì yẹn kan náà ló ń jáde láti ẹnu jẹnẹrétọ̀ tí a gbé sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹ mọ ilé oníyàrá-kọjú-sí-ara-wọn ní Múṣin àti Ìdí-Òro: yàrá mẹ́fà lápá ọ̀tún, mẹ́fà lápá òsì, ọ̀nà kan ṣoṣo láàárín, fèrèsé kékeré kan lẹ́yìn yàrá kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá mú iná lọ lálẹ́, a máa rí ẹni tó gbé jẹnẹrétọ̀ kékeré tí à ń pè ní I-better-pass-my-neighbour sábẹ́ fèrèsé nítorí olè, òmíràn á gbé e sínú kíṣìnì. Ìdílé á sùn, ilẹ̀ á mọ́, wọn ò ní jí. Irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ kì í ṣe tuntun sí etí ẹnikẹ́ni nínú wa, ó sì ń dùn mí nígbà gbogbo nítorí pé ikú tó ṣeé yẹ̀ ni. Bí kánárì bá kú lójijì nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, tí kò ṣàìsàn, tó kàn ṣubú sílẹ̀ kéèjì ní òru ọjọ́ tí jẹnẹrétọ̀ ń ṣiṣẹ́, ẹ má ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ro ti ẹni tó tà á fún yín. Ẹ ṣí gbogbo fèrèsé, ẹ kó àwọn ọmọ jáde, ẹ pa ẹ̀rọ náà.

Èmi ò ní kí ẹnikẹ́ni ra ẹyẹ láti fi dán ikú wò. Ẹ̀rọ kékeré wà lọ́jà tó ń ké bí carbon monoxide bá wà nínú ilé, òun ni kí ẹ rà, kí ẹ gbé e kọ́ sínú yàrá tí ẹ ń sùn. Ẹ tún ṣọ́ra fún páànù tí oúnjẹ kì í lẹ̀ mọ́: bí ó bá gbóná jù lórí iná láìsí nǹkan nínú rẹ̀, afẹ́fẹ́ tó ń jáde lára rẹ̀ lè pa ẹyẹ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Kíṣìnì kì í ṣe ibi kéèjì rárá.

Nítorí àrùn, ẹ fọ ọwọ́ yín lẹ́yìn tí ẹ bá ti tọ́jú àwọn ẹyẹ yín, ẹ má sì gbé wọn sún mọ́ adìẹ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rà lọ́jà. Oṣù Èrèlè ọdún 2006 ni àrùn bird flu yẹn wọ Nàìjíríà, Kàdúná ló ti bẹ̀rẹ̀, nígbà tó sì fi máa di oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2007 ó ti pa ọmọbìnrin kan níbí l’Ékòó.

Ẹ̀yin lánlọ́ọ̀dù tí ẹ ń gbọ́ mi ní Lawanson, ní Àgùdà, ní Ìtìrè, ní gbogbo Múṣin, ẹ̀yin ni mo fẹ́ fi ìyókù ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀. Ẹ ya ibì kan sọ́tọ̀ lẹ́yìnkùlé, jìnnà sí fèrèsé gbogbo ayálégbé, kí ẹ fi irin yí i ká nítorí olè, kí gbogbo ilé máa gbé jẹnẹrétọ̀ síbẹ̀. Kò ní ná yín ní owó tó ti féènsì. Ẹ̀yin ayálégbé náà, bí lánlọ́ọ̀dù kò bá tíì ṣe é, ẹ pé jọ, ẹ lọ bá a, ẹ bẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ẹ má sì dákẹ́ títí yóò fi ṣe é. Kó tó di ọjọ́ náà, ẹ gbé tiyín jìnnà sí fèrèsé lálẹ́ òní.